Iṣẹ́ Tí Lọ́yà Ò Rán Mi

Lọ́yà ò sọ "bẹ́ẹ̀ ni". Èmi ni mo sọ ọ́. Mo fẹ́ kí gbólóhùn yẹn kọ́kọ́ balẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, torí mo mọ ara mi, mo sì mọ ẹnu mi. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, màá yí ọ̀rọ̀ po, màá fi àwàdà bò ó, ẹ ó rẹ́rìn-ín títí, ẹ ó sì gbàgbé ohun tí mo wá sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá lórí afárá yẹn lónìí pẹ̀lú ọkọ̀ àti ẹrù yín, ẹ̀yin tí wọ́n kọ́ nílé ìwé pé obìnrin kan tó jẹ́ lọ́yà ló ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni ò ní yìnbọn, tó sì da àdéhùn, tí èèyàn fi kú lọ rẹpẹtẹ, irọ́ ni wọ́n kọ́ yín. Ẹ má bínú sí tíṣà yín. Ọ̀dọ̀ mi ni irọ́ náà ti jáde. Mi ò ṣàìsàn, mi ò sì tíì fẹ́ kú, torí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ibà ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ẹnikẹ́ni ò sì fi ipá mú mi. Ṣùgbọ́n kí ẹ má retí pé màá to ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni to abọ́ sórí pẹpẹ. Orí mi dà rú. Ó ti pẹ́ tó ti dà rú, mo kàn máa ń de gèlè lé e ni.

Kí wọ́n tó máa pè mí ní Màmá Àlàáfíà, tí wọ́n ń fún mi ní àga iwájú níbi gbogbo, ilé tẹlifóònù kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ẹnubodè. Bàbá mi jẹ́ ará orílẹ̀-èdè tó wà lápá kan odò, ìyá mi jẹ́ ará ti apá kejì. Nígbà tí ogun bẹ́, tí wọ́n gé wáyà, àwọn èèyàn á wá bá mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún màmá mi lódì kejì pé mo ti bímọ." Màá gbé e sórí, màá wọ ọkọ̀ ojú omi, màá sì sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, títí kan ibi tí wọ́n ti wúkọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ mí ní Gbohùngbohùn. Ogun ọ̀hún fúnra rẹ̀, kí n má purọ́ (ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu mi!), mi ò mọ ohun tó dá a sílẹ̀ títí dòní. Àwọn kan ní odò ni, àwọn kan ní afárá ni, àwọn kan ní àwọn olórí ìjọba méjèèjì ló ti ń bínú ara wọn látìgbà tí wọ́n ti jọ wà nílé ẹ̀kọ́ ológun. Gbogbo ẹni tí mo bi ló dá a lójú, kò sì sí méjì tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu.

Àwọn orílẹ̀-èdè yòókù dá sí i. Wọ́n pe ìpàdé síbí, wọ́n pè é sọ́hùn-ún, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jẹun, ìbọn ò dákẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n rán bàbá àgbàlagbà kan láti ilẹ̀ òkèèrè, ẹni tó ti ṣe olórí ìjọba rí nílẹ̀ tirẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì, tó yẹ kó máa bomi rin òdòdó nínú ọgbà rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bàbá Alárinà là ń pè é. Ó kó àwọn aṣojú méjèèjì wá sí hòtẹ́ẹ̀lì kan nílùú tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Wọ́n wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní fojú kan ara àwọn. Ọ̀gágun, tó ṣojú apá kan, gba yàrá tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀: ọkùnrin fàkìà-fakia tí bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń jìyà. Lọ́yà, tó ṣojú apá kejì, gba ìpẹ̀kun kejì: obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi okùn so awò mọ́ ọrùn, tó máa ń bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì, tí ikọ́ ò sì jẹ́ kó sinmi. Bàbá jókòó sí yàrá àárín. Wọn kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀, torí níbi ìpàdé tó ṣáájú, ìwé kan bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníròyìn, wọ́n sì pe àwọn aṣojú méjèèjì ní ọ̀dàlẹ̀ nílé wọn. Ẹnu ni ohun gbogbo. Orúnkún Bàbá ò sì jẹ́ kó lè máa rìn lọ rìn bọ̀, ni wọ́n bá wá mi rí. Èmi ni ẹsẹ̀ Bàbá. Bí mo bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ Ọ̀gágun, á ní, "Gbohùngbohùn, tún un sọ kí n gbọ́." Màá tún un sọ láìyọ ẹyọ kan. Á ní, "Ó péye. Máa lọ." Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ Lọ́yà. Ẹ wá wo bí ọgbọ́n wọn ṣe mọ: ẹnu ọ̀nà tí mo bá gbà jáde ni wọ́n ń ṣọ́. Kò sẹ́ni tó ṣọ́ èyí tí mo bá gbà wọlé.

Mo kọ́kọ́ jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán mi, ẹ má fi ìyẹn dù mí. Ọ̀gágun ní, "Sọ fún obìnrin yẹn pé kó wá ẹni bá a tún ọpọlọ rẹ̀ ṣe kó tó wá máa bá ọkùnrin sọ̀rọ̀." Mo jẹ́ ẹ. Lọ́yà yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó ní, "Sọ fún un pé gbogbo àmì ẹ̀yẹ tó so mọ́ àyà yẹn, ìdérí agolo mílíìkì ni. Kó lọ dá wọn padà fún ẹni tó ni agolo." Mo jẹ́ ìyẹn náà. Àga kan fọ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gágun. Àwọn méjèèjì ní kí wọ́n máa palẹ̀ ẹrù àwọn mọ́. Rédíò sì ń sọ lọ́wọ́ nígbà yẹn pé àdó olóró ti bọ́ lu ilé ìwòsàn kan. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Onítíì, obìnrin tó ń po tíì fún gbogbo wa lẹ́bàá àtẹ̀gùn, wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "bí wọ́n bá fún ẹ lómi gbígbóná, ṣé ojú èèyàn lo máa dà á sí ni? Fi ṣúgà sí i kó o tó gbé e wọlé, jàre." Bí gbogbo ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mi ò ní dá a lẹ́bi. Ó fún mi nímọ̀ràn, ọwọ́ mi ni ṣíbí wà.

Nígbà tí Ọ̀gágun tún ní kí n sọ fún Lọ́yà pé irọ́ ló fi ń para lójoojúmọ́, mo tún un sọ níwájú rẹ̀, ó ní ó péye, mo rìn dé òdì kejì, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ọ̀gágun kí yín, mà. Wọ́n ní àwọn ń retí àlàyé yín." Lọ́yà wo ẹ̀yìn mi bí ẹni pé ẹlòmíràn ń bọ̀. "Ta ló kí mi?" "Ọ̀gágun ni, mà." "Ọ̀gágun yẹn? Orí ẹ̀ dá ṣá?" Àwọn èèyàn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó wúkọ́, ó ní, "Ó dáa. Kí òun náà." Bí mo ṣe kí i padà fún Ọ̀gágun, ó fi ọwọ́ pa irun imú rẹ̀, ó ní, "Hẹn-ẹn! Ó ní ẹ̀kọ́ ilé díẹ̀ ṣá." Láti ọjọ́ náà lọ, mo di alágbẹ̀dẹ ọ̀rọ̀. Èébú ni wọ́n ń kó fún mi, ìkíni ni mo fi ń rọ. Bí wọ́n bá ní "rárá", mo ní wọ́n ń rò ó. Bí wọ́n bá ní "láéláé", mo ní ó le díẹ̀ fún wọn. Ẹ ò sì ní gbàgbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dáa lóòótọ́. Ní ọ̀sán kan, Ọ̀gágun bi mí pé, "Kí ló ń ṣe obìnrin yẹn? Mò ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti ibí." Ó mú ìgò oògùn ikọ́ kan jáde nínú báàgì rẹ̀, èyí tí ìyàwó rẹ̀ dì fún un. "Gbé e fún un. Má sọ pé èmi ni o." Mo dé ọ̀hún, mo ní Ọ̀gágun ni. Ẹ wá wo ayé mi: òótọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, òun náà ni wọ́n ní kí n má sọ. Lọ́yà di ìgò náà mú. Nígbà tó máa rán mi, ó ní, "Sọ fún un pé a lè bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tó fara pa." Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni o, mi ò fi nǹkan kan sí i. Ìyẹn ló ń dà mí lórí rú. Irọ́ ni mo gbìn, nǹkan gidi ló hù níbẹ̀. Kí ni wọ́n ń pe irú oko bẹ́ẹ̀?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ afárá. Ìlú kékeré kan wà létí afárá, lápá ibi tí àwọn ṣọ́jà Ọ̀gágun wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn há síbẹ̀, wọ́n fẹ́ sọdá sí apá ti Lọ́yà, ṣùgbọ́n géètì afárá wà ní títì. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, wà láàárín wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó rí fóònù ẹnì kan yá, ó pè mí sí hòtẹ́ẹ̀lì. "Ẹ̀gbọ́n mi, omi ti tán, ẹni tó bá sì sún mọ́ odò, ìbọn ni. Omi gọ́tà la ń sẹ́ fún àwọn ọmọ. Èyí àbíkẹ́yìn ò lè sunkún mọ́, ó kàn ń ya ẹnu ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, kí lẹ ń sọ gan-an?" Kí n tó dáhùn, iná fóònù ti kú. Mo gbé e sétí síbẹ̀síbẹ̀. Kí là ń sọ gan-an? Èmi tí mo gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà sórí, mi ò lè rí ẹyọ kan mú nínú rẹ̀ tó jọ omi.

Lọ́jọ́ kejì ẹ̀, Ọ̀gágun pè mí. Ojú rẹ̀ ti rọ̀, ó sì rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Sọ fún Lọ́yà pé màá ṣí géètì kí àwọn èèyàn náà máa lọ bá a. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kó sọ fún mi pé àwọn ṣọ́jà wọn lódì kejì ò ní yìnbọn. Kó ṣáà ti sọ bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá ti sọ ọ́, màá fóònù lójú ẹsẹ̀." Mo tún un sọ, ó ní ó péye. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò dé ọ̀dọ̀ Lọ́yà. Lọ́yà gbọ́ ọ tán, ó wọ bàtà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kì í wọ̀ ọ́ nínú yàrá. "Àwọn ṣọ́jà tó wà létí afárá ò sí lábẹ́ mi," ó ní. "Mo ní láti bi ilé, ìjọba tó rán mi wá. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ológun lè fara pa mọ́ sáàárín èrò. Tí a ò bá kọ́kọ́ kìlọ̀ fún wọn, tí wọ́n kàn rí èrò tó ń bọ̀ gìrìgìrì, mi ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Sọ fún un pé mo bẹ̀ ẹ́, kó ṣe sùúrù di ọ̀la. Kó má ṣí i títí màá fi dáhùn. Tún un sọ." Mo tún un sọ. Kódà mo fi "mo bẹ̀ ẹ́" yẹn sí i, torí kò bẹ̀ ẹ́ rí, ó sì jọ mí lójú. "Ó péye," ó ní. "Sáré."

Mi ò sáré. Mo dúró ní àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́bàá bọ́kẹ́ẹ̀tì tí omi ẹ̀rọ amúlétutù ń kán sí. Tó, tó, tó. Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà kún dẹ́nu, omi tó mọ́ gaara, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Mo ń wò ó, mo ń rí ẹnu ọmọ àbúrò mi tó là sílẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀la náà ni òní. Gbogbo ìgbà ni Lọ́yà máa ń sọ "ẹ jẹ́ kí n bi ilé", gbogbo ìgbà náà ni ilé sì máa ń gbà. Kí ló dé tí àwọn ọmọ ò fi ní mu omi lónìí torí ohun tí wọ́n máa gbà lọ́la? Ẹ ò rí i bí ó ṣe dùn ún gbọ́? Mo ti purọ́ débi pé mo ti ń rò pé èmi gan-an ni ìpàdé náà. Bàbá na ọrùn láti yàrá rẹ̀. "Kí ló wí, ọmọ mi?" "Ó gbà, sà." Bàbá di ojú, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ní, "Ọlọ́run ṣeun." Mo wọlé lọ bá Ọ̀gágun. "Kí ló wí?" "Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà." "Bẹ́ẹ̀ ni lásán?" "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó tún ní ẹ ṣeun." Mo tún fi ẹ ṣeun lé e! Ta ló rán mi ní ẹ ṣeun? Ọ̀gágun gbé fóònù.

Mi ò sí lórí afárá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé mo wà níbẹ̀. Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ jù mí lọ. Wọ́n ṣí géètì, èrò rọ́ sórí afárá pẹ̀lú fóòmù lórí àti ọmọ lẹ́yìn. Àwọn ṣọ́jà òdì kejì, tí ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan fún, rí ayé tó ń bọ̀ wá bá wọn, ẹ̀rù sì bà wọ́n, bí Lọ́yà ṣe sọ gẹ́lẹ́, ni wọ́n bá yìnbọn. Ara rédíò Ìyá Onítíì ni mo ti gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ń ka iye òkú, ó pa rédíò náà, ó yíjú sí mi. Mo ti máa ń sọ ohun gbogbo fún un, torí náà ó mọ̀. "Ṣúgà ni mo ní kó o fi sí i," ó ní. "Mi ò ní kó o po omi tìẹ gbé wọlé." Kò po tíì fún mi mọ́ láti ọjọ́ náà, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú. Mo ń wá ibi tí màá jókòó sí ni fóònù dún. Àbúrò mi ni. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dúpẹ́! Ojúmọ́ òní la rí apẹja kan tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa kọjá lókè odò. A ò tilẹ̀ sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí i! Àwọn ọmọ ti mu omi. Àdúrà yín ló gbà." Mo ní mo dúpẹ́. Kí ni kí n sọ? Àwọn tí mo purọ́ tìtorí wọn ti mu omi kí n tó purọ́. Àwọn tó kú, mi ò mọ ẹyọ kan nínú wọn. Tí ẹ bá rí ẹni tó lè to ìyẹn fún mi kó nítumọ̀, ẹ bá mi rán an wá.

Ọ̀gágun já sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, ó ń pariwo: "Ó ṣèlérí fún mi! Obìnrin yẹn ṣèlérí fún mi!" Láti inú yàrá tirẹ̀, Lọ́yà ń ké, "Ìlérí wo? Ìlérí wo ni mo ṣe fún ọ?" Bàbá dúró láàárín pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ń wò mí, mo ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ayé pariwo lé àwọn ìjọba méjèèjì lórí. Àwọn òkú yẹn wà lójú ìwé ìròyìn níbi gbogbo, bàtà ọmọdé káàkiri orí afárá, kò sì sí olórí tó láyà láti sọ pé kí ogun máa lọ. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Inú yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti fọwọ́ sí i, báírò kan náà sì ni, èmi ni mo gbé e láti ọ̀dọ̀ ẹni kìíní lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì. Ogun parí. Kò tíì padà dòní, àwọn ọmọ yín ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá níbi tí àwọn bàtà yẹn wà. Ká ní mo jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán mi, ṣé géètì ì bá ṣí lọ́jọ́ kejì, kí gbogbo èèyàn sọdá láyọ̀? Àbí ilé Lọ́yà ì bá ní rárá, kí ogun máa jó lọ, kó pa ìlọ́po àwọn tó kú? Mo ti bi ara mi títí, ìdáhùn tí mò ń rí láàárọ̀ kì í ṣe èyí tí mò ń rí nírọ̀lẹ́.

Àmọ́ ohun kan wà tí kò dà mí lórí rú, òun ló sì burú jù. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀, àwọn adájọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀gágun sọ tirẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé: "Mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́." Lọ́yà sọ tirẹ̀: "Mo ní kó dúró di ọ̀la." Bàbá ní òun ò gbọ́ lẹ́nu Lọ́yà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n òun gba ẹni tí òun rán gbọ́ bí òun ṣe gba ara òun gbọ́. Ni wọ́n bá pè mí. Wọ́n ní kí n búra, mo búra. Adájọ́ obìnrin kan tẹ̀ síwájú, ó ní, "Kí ni Lọ́yà rán ọ?" Ẹnu mi yìí, tí kì í sinmi, tí kò bẹ̀rù ọba, tí kò bẹ̀rù ìjòyè! Kò sí ọmọ kankan tí òùngbẹ ń gbẹ lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ogun tí mo fẹ́ parí. Ara mi nìkan ni mò ń gbà là. Mo ní, "Ó ní bẹ́ẹ̀ ni." Lọ́yà ò pariwo, kò bú mi. Ó wò mí láti ibi tó jókòó sí, ó ní, "Gbohùngbohùn, tún un sọ." Ọ̀nà ló ṣí sílẹ̀ fún mi, mo mọ̀ ọ́n. Ohùn tó máa fi ń bi mí nínú yàrá ló fi bi mí. Mo sì tún un sọ. Mo wo ojú rẹ̀, mo tún un sọ láìyọ ẹyọ kan.

Wọ́n gba ìwé àṣẹ amòfin lọ́wọ́ Lọ́yà, kò lè dúró níwájú adájọ́ kankan mọ́. Àwọn ará ilé ọkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin dá ìgbéyàwó dúró, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ àna tó fi ẹnu pa èèyàn. Àwọn ọmọdé ń pariwo "Bẹ́ẹ̀ ni! Bẹ́ẹ̀ ni!" tẹ̀ lé e ní títì. Èmi? Wọ́n fún mi níṣẹ́, wọ́n fún mi nílé, wọ́n sọ mí ní Màmá Àlàáfíà. Bàbá Alárinà kú lọ́dún tó kọjá láìmọ nǹkan kan, ó ní kí wọ́n bá òun kí mi. Láìpẹ́ yìí, wọ́n pè mí sí ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ alárinà. Ọmọbìnrin kan dìde, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó ní, "Màmá, tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n rán yín bá burú, kí lẹ máa ń ṣe sí i?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Mo máa ń jẹ́ ẹ bó ṣe rí ni." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin náà pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ, ó ń wò mí bí ẹni tó rí ohun tó ń wá. Ìwọ ọmọ yẹn, bí o bá ń ka èyí, bínú sí mi dáadáa, kó o sì yọ ìdáhùn yẹn kúrò lórí rẹ. Ohun tí mo ṣe sí ọ̀rọ̀ náà nìyí. Má jẹ́ kí àánú tàn ẹ́ bó ṣe tàn mí. Jíṣẹ́, kí o sì jẹ́ kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ru ẹrù ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni mo ti wá Lọ́yà lọ. Yàrá kan ló ń gbé, lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan, ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ ń gba ilẹ̀ pákó wọlé. Ó ṣílẹ̀kùn, ó tún awò rẹ̀ ṣe. "Gbohùngbohùn. O ti darúgbó." "Ẹ̀yin náà, mà." "Èmi ò darúgbó. Wọ́n sọ mí di arúgbó ni." Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo dúró sí, mo sọ gbogbo rẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì, àbúrò mi, ẹ ṣeun, ìbúra. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Mo mọ̀. Ta ló tún lè jẹ́? Mo sọ fún wọn, ohùn rẹ ni wọ́n gbà." Ẹ̀rọ ń sáré nísàlẹ̀. Ó ní, "Dáhùn ohun kan fún mi. Oògùn ikọ́ yẹn, ṣé òun ló fi ránṣẹ́ lóòótọ́?" "Òun ni, mà. Ìyẹn ò nírọ́ nínú." Ó rẹ́rìn-ín, tàbí ó wúkọ́, mi ò lè sọ èwo ni. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá sọ ọ́ síta, àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà, pé lórí irọ́ mi ni wọ́n kọ́ àlàáfíà lé. Ó ní, "Bóyá. Èmi náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n lórí mi ni wọ́n kọ́ ọ lé, kì í ṣe lórí irọ́ rẹ, ó sì ti wúwo jù fún mi." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó na ẹsẹ̀. "Màá rán ẹ níṣẹ́ kan," ó ní.

Iṣẹ́ tó rán mi sí yín nìyí, ẹ gbọ́ ọ. "Sọ fún wọn pé mi ò sọ ọ́. Sọ fún wọn pé mo bẹ Ọ̀gágun kó dúró di ọ̀la. Sọ fún wọn pé òpùrọ́ ni ẹ́, pé ojo ni ẹ́, pé àánú àbúrò rẹ lo fi pa ọmọ ọlọ́mọ, ìbẹ̀rù ara rẹ lo sì fi pa èmi. Kí wọ́n má torí èyí yin ìbọn kankan o, torí mi ò ní agbára láti tún lọ jókòó sí ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ kankan mọ́. Kí wọ́n sọ fún ọmọ mi obìnrin pé ìyá rẹ̀ ò da àdéhùn. Ní ti ìdáríjì tó o wá bẹ̀, mo ní láti bi ilé, inú mi sì ni ilé ọ̀hún wà báyìí. Kó o ṣe sùúrù títí màá fi dáhùn. Tún un sọ." Mo tún un sọ lórí ìkúnlẹ̀, òpùrọ́ níbi tó ti ní òpùrọ́, ojo níbi tó ti ní ojo. Ó fetí sí i dé òpin. "Ó péye," ó ní. "Máa lọ." Mo ti gbé e dé ọ̀dọ̀ yín o, kò sí ṣúgà nínú rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn mi ti ń bi mí bóyá Lọ́yà ti dárí jì mí, ara wọn ń wá kí n sọ ohun tó máa tù wọ́n nínú. Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni.